Ta ni yóò máa bá wa sọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì? Àlàyé láti Abẹ́òkúta lórí àjọ tó ń la ará ìlú lóye

Ní òru ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún 2014, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ìyá ń jí ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò, ará ìjọ ń pe ará ìjọ: ẹ tètè dìde, ẹ bu iyọ̀ sínú omi gbígbóná, ẹ fi wẹ̀, kẹ́ ẹ sì mu nínú rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, Ẹ̀bólà ò ní í débẹ̀. Àrùn náà kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Èkó nígbà náà, ẹ̀rù sì ti ba tọmọdé tàgbà. Kò sẹ́ni tó dúró béèrè pé ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Kí oṣù náà tó dé ìdajì, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà látàrí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mu omi iyọ̀ lóru ọjọ́ yẹn kò lè dúró de ọjọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni irú àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè kan dá sílẹ̀ kí òótọ́ lè tètè dé ilé ju irọ́ lọ: àjọ tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí sáyẹ́ǹsì yé ọlọ́jà, awakọ̀, àgbẹ̀ àti ìyá ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ náà kan Abẹ́òkúta gbọ̀ngbọ̀n, ó sì ti tún gbóná sí i láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yí ìpinnu rẹ̀ padà lórí èdè tí wọ́n á fi máa kọ́ àwọn ọmọ wa níwèé.

Iyọ̀ tó pa èèyàn, iyọ̀ tó gba ọmọ là

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ yẹn ni pé a ti mọ omi iyọ̀ mìíràn ṣáájú rẹ̀, èyí tó ń gba ẹ̀mí là. Ẹni tó bá tọ́ ọmọ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn á rántí omi tí wọ́n fi iyọ̀ àti ṣúgà pò fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ ìdílé Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta níbí, oníṣègùn àwọn ọmọdé tó ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, wà lára àwọn tó jẹ́ kó di ohun tí tilé toko mọ̀. Wọn kò ní kí ìyá lọ ra ohun ìwọ̀n kankan. Ìgò bíà tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó wà nílé ni wọ́n fi ń wọn omi, ṣíbí tíì ni wọ́n fi ń wọn iyọ̀ àti ṣúgà, wọ́n sì ń pò ó lójú àwọn ìyá kí àwọn náà lè pò ó kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó ń ṣu gbuuru, omi ara rẹ̀ tó ń gbẹ ló sábà máa ń pa á. Bí a bá fún un ní omi lásán, ìfun rẹ̀ kì í lè gbà á dáadáa. Ṣùgbọ́n lára ìfun, ojú ọ̀nà kan wà tí iyọ̀ àti ṣúgà jọ máa ń gbà wọlé pọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ti wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn, kódà nígbà tí ìgbẹ́ ọ̀hún kò tíì dá. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀ jákèjádò ayé ni omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Nínú ORS, ìyẹn èlò iyọ̀ àti ṣúgà alápò tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, iyọ̀ tó wà fún odidi lítà omi kan jẹ́ gíráàmù 2.6 péré.

Bí iyọ̀ bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ á yí padà. Dípò kí omi máa wọ inú ara, inú ara ni omi á ti máa jáde lọ bá iyọ̀. Ẹ̀jẹ̀ á kún fún iyọ̀, omi á máa fi àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ sílẹ̀, gìrì lè mú èèyàn, ó sì lè dákú lọ. Ewu tí àwọn tó gbé ife omi iyọ̀ sẹ́nu lóru 2014 fi ara wọn sí nìyẹn, pàápàá ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín tẹ́lẹ̀.

Iyọ̀ kan náà ni, omi kan náà ni. Èyí tó ń gba ọmọ là ní ẹni tó jókòó tì í, tó ṣàlàyé ìwọ̀n rẹ̀, tó sọ ọ́ ní èdè tó yé ìyá ọmọ, tó sì ń sọ ọ́ lọ́dọọdún láìsinmi. Ti Ẹ̀bólà ò ní baba, kò ní ìyá, orí fóònù ló ti já bọ́. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Bí kò bá sí ẹni tí wọ́n yan iṣẹ́ àlàyé fún, tí ará ìlú mọ orúkọ rẹ̀ tí wọ́n sì gbọ́ ohùn rẹ̀ lójoojúmọ́ kí wàhálà tó dé, ẹni tó bá kọ́kọ́ la ẹnu lọ́jọ́ wàhálà ni aráyé máa tẹ̀ lé.

Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú York ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1831, British Association for the Advancement of Science, èyí tí wọ́n ń pè ní British Science Association lónìí. Wọ́n kọ̀ láti jókòó sí London. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé ìpàdé wọn lọ sí ìlú mìíràn, kí àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ lè wá gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ń bá ara wọn fà. Ìpàdé wọn ní Oxford ní 1860 ni Thomas Huxley àti bíṣọ́ọ̀bù Samuel Wilberforce ti takora lójú gbogbo èrò lórí ẹ̀kọ́ Darwin, pé ohun abẹ̀mí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran. Amẹ́ríkà dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tiwọn sílẹ̀ ní 1848.

Ní 1985, Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìròyìn kan jáde lábẹ́ Walter Bodmer. Ohun tó sọ ni pé ojúṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni láti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ará ìlú, pé kò gbọ́dọ̀ máa wò ó bí àfikún tàbí àǹfààní tó ń ṣe fún wọn. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún un. Èrò wọn nígbà náà ni pé bí ará ìlú bá ṣe ń mọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa fọkàn tán àwọn onímọ̀ sí i.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba wọn fi ń fi àwọn èèyàn lọ́kàn balẹ̀ pé kò séwu nínú ẹran màlúù nígbà tí àrùn wèrè màlúù ń jà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1996 ni wọ́n tó jẹ́wọ́ pé ó jọ pé ó ti ń ran èèyàn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀kọ́ púpọ̀ kò lè fi ìgbàgbọ́ padà sípò. Nígbà tí ilé aṣòfin àgbà wọn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 2000, wọ́n sọ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti òkè wá sí ilẹ̀ kò tó, àfi kí àwọn onímọ̀ bá ará ìlú jókòó, kí wọ́n gbọ́ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn ìròyìn 1985 náà sì kógbá wọlé ní 2002.

Àwa náà ti rí i nílé. Ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun kan wò lára àwọn ọmọdé. Ọmọ 11 kú nínú àwọn tó wà nínú ìdánwò náà. Ilé iṣẹ́ ọ̀hún ní àrùn ló pa wọ́n, pé kì í ṣe oògùn òun, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà pẹ́ gan-an kí wọ́n tó parí rẹ̀ pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Kánò ní 2009, lórí 75 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tí Kánò àti àwọn ìpínlẹ̀ kan ní àríwá kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀ ní 2003, ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà pé wọn ò mọ̀wé. Ìrántí ló wà nídìí rẹ̀. Ó gba kí wọ́n lọ bá àwọn ọba, àwọn àlùfáà àti àwọn ìyá nínú ilé, lọ́pọ̀ ìgbà, kí ọ̀rọ̀ náà tó rọ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdánidá, èyí tí kò ti ara àjẹsára wá, ti tán ní ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà ló sì gbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ibì kan tí a lè kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò ní dé London rárá. Kerala ni màá lọ, ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù Íńdíà. Ní 1962, àwọn olùkọ́ àti òǹkọ̀wé kan kóra jọ níbẹ̀ láti máa kọ sáyẹ́ǹsì ní Malayalam, èdè ìlú wọn. Orúkọ tí wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà ni Kerala Sasthra Sahithya Parishad. Ìwé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbéra ńlẹ̀, wọ́n ń rìn láti abúlé dé abúlé pẹ̀lú orin, ijó àti eré, bí àwọn alárìnjó tiwa ṣe máa ń ṣe láyé ọjọ́un, eré náà sì dá lórí omi, igbó, àìsàn àti oúnjẹ. Wọ́n bá àwọn obìnrin ṣe ààrò tí èéfín rẹ̀ kéré tí kì í sì í jẹ igi púpọ̀, wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ ìdídò sí àfonífojì Silent Valley láti fi pèsè iná mànàmáná, àwọn ni wọ́n lọ ṣèwádìí, tí wọ́n wá ń sọ fún ará ìlú ohun tó máa bá igbó náà lọ. Ìjọba fi ìdídò náà sílẹ̀, igbó ọ̀hún sì di ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè ní 1984. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wà nídìí ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní àgbègbè Ernakulam, ètò tó tàn ká gbogbo Kerala láàárín ọdún díẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé àwọn kan náà tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ló dúró sọ fún ìjọba pé ohun tó fẹ́ ṣe kò dáa. Ará ìlú rí i pé wọn ò ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbàgbọ́ tí owó ò lè rà nìyẹn.

Àwọn wo la ní nílé?

Nàìjíríà kò ṣòfo. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, STAN, ti wà láti 1957. Science Association of Nigeria tẹ̀ lé e ní 1958. Nigerian Academy of Science, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ ní 1977, ó sì wà nínú ọgbà Yunifásítì Èkó. Ìmọ̀ràn fún ìjọba ni iṣẹ́ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, ó sì ti gbìyànjú láti bá àwọn oníròyìn ṣiṣẹ́ pọ̀. N kò bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ṣùgbọ́n ìròyìn tí wọ́n ń gbé jáde, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, àwọn tó ń kà á sì ni àwọn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ béèrè orúkọ ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní ọjà Kútọ̀ tàbí ní gáréèjì Láfẹ́nwá, ẹ ó rí i pé wọn ò tíì débẹ̀.

Nílùú yìí náà, a ti rí ohun tó ṣeé ṣe. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Àrò, ilé ìwòsàn àwọn tó ní àrùn ọpọlọ, tí ayé wá kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Dípò kó ti àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé mọ́ inú ilé gíga, ó fi wọ́n wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan wọn sì ń bá wọn gbé. Wọ́n á wá gba ìtọ́jú lójú mọmọ, wọ́n á padà sí abúlé nírọ̀lẹ́. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó jókòó tì wọ́n, ó gbọ́ tẹnu wọn. Àwọn ará abúlé tó ń rí wọn lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé wèrè lè san, pé ẹni tó ti ya wèrè rí lè roko, lè dáná, lè bá èèyàn sọ̀rọ̀. Kò sí ìwé pélébé tó lè kọ́ wọn ní ìyẹn. Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà tó yá, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì mú ìlànà Àrò lò.

Yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà nílùú yìí, FUNAAB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní AMREC tó ń gbé ìmọ̀ lọ bá àgbẹ̀ lóko, ó sì ní rédíò tirẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló dá lé. Ọ̀rọ̀ àjẹsára, ọ̀rọ̀ omi ẹ̀kún tó ń wá láti ìdídò Ọyán nígbà òjò, ọ̀rọ̀ kẹ́míkà tí àwọn oníṣọ̀nà ń lò, ta ló ni ìyẹn?

Ẹ̀bólà náà kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kejì, èyí tí a kì í sábà rántí. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 kú, a sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Ohun tó gbà wá ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ sí ilé àwọn tó fara kan aláìsàn, ní ojúkojú, ní ìgbà tó lé ní 18,000, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ń dáhùn ìbéèrè. Èyí tó pọ̀ jù nínú ètò náà, ara iṣẹ́ rọpárọsẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ti yá a. Ohun tó ti wà nílẹ̀ ló ṣiṣẹ́.

Sáyẹ́ǹsì tó wà ní Ìtòkú

Bí irú àjọ bẹ́ẹ̀ bá máa bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Ìtòkú ni màá ní kó kọ́kọ́ lọ, láàárín àwọn aládìrẹ. Kó kọ́kọ́ lọ wòran, kó tó la ẹnu.

Ìyá aláró á ri aṣọ tí wọ́n ti fi ẹ̀kọ ya iṣẹ́ sí lára sínú ìkòkò aró. Nígbà tó bá kọ́kọ́ fà á yọ, kò dúdú rárá, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ń pọ́n. Á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, lójú ẹni, àwọ̀ ewé náà á máa yí padà láti etí aṣọ, á di búlúù. Á tún rì í, á tún fà á yọ, títí yóò fi dú tó bó ṣe fẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé aró ẹ̀lú kì í yòrò nínú omi. Nínú omi eérú tó wà nínú ìkòkò, níbi tí ọ́síjìn ò sí, ó máa ń yí padà, á yòrò, á sì wọ inú òwú. Bí aṣọ bá ti jáde, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á mú un, á padà sí búlúù rẹ̀, kò ní lè yòrò mọ́, á há sínú òwú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fọ àdìrẹ tí kì í sì í ṣí bọ̀rọ̀. Àwọn ìyá wa ti mọ bí wọ́n ṣe ń darí gbogbo èyí, pẹ̀lú ojú, imú àti ahọ́n, kí kẹ́mísírì tó dé ilé ìwé kankan ní ilẹ̀ yìí.

Lónìí, sódà (caustic soda) àti hydrosulphite, kẹ́míkà tó ń mú kí aró yòrò, ló gbapò eérú àti ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí aró fi gbọ́dọ̀ wà nínú ìkòkò kó tó ṣeé lò. Iṣẹ́ yá, ewu sì wọlé. Sódà yìí máa ń gbóná gidigidi bó bá pàdé omi. Ẹni tó bá da omi lé e lórí, ó lè ta sí i lójú. Omi tútù ló yẹ kó wà nínú ike ná, kí a wá máa bu sódà sí i díẹ̀díẹ̀. Ó ń jẹ ara, ojú ló sì ń bàjẹ́ jù. Bó bá ta síbẹ̀, omi mímọ́ ni a ó máa dà sí ojú náà fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí a tó gbéra lọ sílé ìwòsàn. Hydrosulphite ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fara kan ọ̀rinrin níbi tí a kó o pamọ́ sí, nítorí ó lè gbóná títí tí yóò fi gbiná fúnra rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi máa ń kọ ìkìlọ̀ yìí sára àpò ńlá tí wọ́n fi ń kó o wọ̀lú. Ẹni tó ra ìwọ̀n kékeré nínú ọ̀rá kì í sábà rí àpò náà sójú.

Ọ̀rọ̀ sódà yìí kì í ṣe tuntun ní Ẹ̀gbá. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n ń ráhùn pé sódà àti aró òyìnbó ń ba àdìrẹ jẹ́, débi pé Aláké Ladapo Ademola fòfin dè wọ́n ní 1936. Àwọn obìnrin aláró kọ̀, wọ́n sì jà á. Mo máa ń ronú lórí rẹ̀ pé láti ìgbà náà, òfin àti ìbínú ti wà, ṣùgbọ́n ẹni tó máa jókòó ti àwọn ìyá yìí, kó ṣàlàyé bí a ṣe ń lo sódà láìfi jóná, kó sì tún kọ́ nǹkan lọ́wọ́ wọn, kò tíì yọjú tó bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ èdè

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022, èyí tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò jẹ́ èdè ìkọ́ni báyìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ni wọ́n ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ọ̀pọ̀ òbí ní Abẹ́òkúta ló faramọ́ ọn, mo sì mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń wáṣẹ́.

Síbẹ̀, kò yẹ ká gbàgbé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì yan olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ọ̀nà àtẹ̀yìnwá, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò yọ sílẹ̀. Wọ́n ti kọ ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá fún un. Ẹ̀rí tó wá láti ilẹ̀ wa nìyẹn, ó sì yẹ kó wà lórí tábìlì nígbàkigbà tí wọ́n bá ń jiyàn ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé ilé ìwé ti di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Kútọ̀ kò ní jókòó ṣe WAEC mọ́. Òun ló máa pinnu bóyá ọmọbìnrin rẹ̀ á gba àjẹsára. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, nígbà tí àjẹsára HPV dé fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, Ògùn wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fún. Kíá ni àhesọ gbalẹ̀ pé wọ́n fẹ́ sọ àwọn ọmọ wa di àgàn. Àlàyé rẹ̀ kò gùn: kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní HPV, tó máa ń ràn nípa ìbálòpọ̀, ló ń fa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Èèpo òde kòkòrò náà nìkan ni wọ́n fi ṣe àjẹsára yìí, kò sí kòkòrò gidi nínú rẹ̀. Ara ọmọ á mọ èèpo náà, á sì ti múra sílẹ̀ kó tó pàdé rẹ̀ lágbàlagbà. Kì í pa ibi tí ẹyin ọmọ wà lára. Jẹjẹrẹ yìí gan-an ló ń gba ilé ọmọ lọ́wọ́ obìnrin. Gbogbo èyí tí mo sọ kò gba ìṣẹ́jú méjì lórí rédíò, ní Yorùbá, lẹ́nu nọ́ọ̀sì tí àdúgbò mọ̀.

Ìlú tó sì yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nìyí. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1859, Yorùbá sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ó wà títí di 1867. Ẹni tó ń kà á ní ìgbà náà ń ka ọ̀rọ̀ ayé ní èdè rẹ̀.

Owó àti òmìnira

Íńdíà tún fi nǹkan kan hàn wá lórí bí irú àjọ yìí ṣe lè pẹ́. Ìjọba àpapọ̀ wọn dá Vigyan Prasar sílẹ̀ ní 1989 láti máa gbé sáyẹ́ǹsì lọ bá ará ìlú ní oríṣiríṣi èdè, nínú ìwé, lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ní 2023, ìjọba kan náà tì í pa. Ẹgbẹ́ Kerala ṣì wà ńlẹ̀. Owó ìwé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń gbé kiri tà ló fi ń jẹun láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí ọ́fíìsì kan tó lè fi ìwé kan ṣoṣo dá a dúró.

Èyí ni mo fi rò pé kò yẹ ká jókòó máa wo Àbújá nìkan. Ilé iṣẹ́ rédíò OGBC àti Paramount FM wà nílùú, wọ́n sì ń sọ Yorùbá. Àwọn onímọ̀ wà ní FUNAAB, ní Àrò, ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Abà, ní Sacred Heart ní Láńtórò tó ti ń tọ́jú èèyàn láti 1895. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ tí kì í yẹ̀, nọ́ńbà fóònù kan tí èèyàn lè pè bí àhesọ bá dé, ìwé kékeré ní Yorùbá tí owó rẹ̀ kò ju ohun tí aládìrẹ lè san lọ, àti ìjókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn aláró, àwọn awakọ̀ àti àwọn ìyálọ́jà: ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìjọba àpapọ̀ bá wá fẹ́ dá àjọ ńlá sílẹ̀ lórí rẹ̀, ohun méjì ni kí àwọn aṣòfin wa kọ sínú òfin rẹ̀. Àkọ́kọ́, kí àjọ náà lè sọ òótọ́ tó tako ìjọba láìjẹ́ pé wọ́n yọ ọ̀gá rẹ̀. Èkejì, kí owó iṣẹ́ tó ń ṣe ní Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti àwọn èdè yòókù ní ìlà tirẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, nítorí bí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ owó Gẹ̀ẹ́sì, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ gé.